Orúkọ Kan Ṣoṣo láti Kàdúná

Ẹ̀yin ará Kétu, púpọ̀ nínú yín ti mọ òpin ìrìn-àjò yìí kí èmi tí mo rìn ín tó mọ̀ ọ́n. Mi ò fi ìyẹn bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti dé, ìbéèrè kan náà ni ẹ ń bi mí ní ojúde ṣọ́ọ̀ṣì àti lójú ọ̀nà oko: báwo ni ilẹ̀ Hausa ṣe rí, ṣé wọ́n gbà mí níbẹ̀? Mo máa ń dáhùn pé wọ́n gbà mí dáadáa. Òótọ́ ni, àmọ́ òótọ́ náà kò pé. Ní báyìí tí mo ti parí ẹ̀kọ́ yunifásítì, tí mo sì ti kọ́ láti fi ọ̀rọ̀ sórí òṣùwọ̀n kí n tó sọ ọ́, mo fẹ́ kọ èyí tó kù. Ohun tí mo fi ojú ara mi rí, màá sọ pé mo rí i. Ohun tí wọ́n sọ fún mi, màá sọ ẹni tó sọ ọ́. Ohun tí mi ò mọ̀, màá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí bàbá mi ní kí n mú bọ̀

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n yí orúkọ ilẹ̀ wa padà kúrò ní Dàhọ̀mì nígbà tí wọ́n mú mi láti lọ fi ọdún kan kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà, kí ọmọ tiwọn náà wá fi ọdún kan kọ́ Faransé lọ́dọ̀ wa. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí. Ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi mí sí wà ní Kàdúná, ó sì jẹ́ irú èyí tí àwọn ọmọ ọba, ọmọ ọ̀gágun àti ọmọ àwọn ọ̀gá ìjọba máa ń lọ. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀.

Ẹ mọ bàbá mi, ẹni tó máa ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá títì. Ohun tí ọ̀pọ̀ yín lè má mọ̀ ni pé nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó ti gbé Kùmásì rí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ, ó ń lẹ rọ́bà kan lọ́wọ́, kò sì dìde.

Ó ní, "Ọdún mẹ́ta ni mo lò ní Kùmásì. Mo mú aṣọ bọ̀, mo mú rédíò bọ̀. Aṣọ ti gbó, rédíò ti dákẹ́. Tí mo bá padà débẹ̀ lónìí, kò sí ẹnì kan tó máa bi mí pé, 'Ìwọ, níbo lo wọlé sí láti ọjọ́ yìí?' Ẹni tó gbé ìlú fún ọdún mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè rẹ̀, ṣé ó gbé ibẹ̀?"

Ó fi ìka tẹ rọ́bà náà mọ́lẹ̀.

"Má ra nǹkan kan fún mi," ló wí. "Orúkọ ẹnì kan ni kí o mú bọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tó máa bèèrè rẹ."

Iṣẹ́ tó rọrùn ni mo kà á sí. Mo ní ọ̀rẹ́ púpọ̀ ní Kétu, mi ò sì tíì mọ̀ pé ẹni tó wà nílé kò yan àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó kàn bá wọn níbẹ̀ ni.

Ìdọ̀bálẹ̀

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Kàdúná ni bí ojú ọ̀run ṣe fẹ̀ tó. Kò sí igbó tó bo ojú ẹni. Ọ̀nà tọ́ tààrà láàárín igi máńgòrò àti dógóyárò, eruku pupa sì wà lára ohun gbogbo, títí kan ìpéǹpéjú ènìyàn. Ohun kejì ni bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn. Mo ti máa ń rò pé àwa Yorùbá nìkan la mọ ìkíni. Níbẹ̀, àgbàlagbà méjì á dúró lójú ọ̀nà, wọn á bèèrè ilé, wọn á bèèrè iṣẹ́, wọn á bèèrè àárẹ̀, wọn á bèèrè oòrùn, gbogbo rẹ̀ ní ohùn ìsàlẹ̀, láìwo ara wọn lójú. Mo fa ọ̀rọ̀ mi padà.

Olùkọ́ tó ń ṣàkóso ilé tí a ń sùn ni Málàm Gàmbo, ọkùnrin gíga kan tó máa ń wọ aṣọ funfun. Mo kí i bí ẹ ṣe kọ́ mi. Mo gbé àpótí mi kalẹ̀, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì níwájú gbogbo ọmọ ilé. Málàm fi ẹsẹ̀ méjì sẹ́yìn bí ẹni tí omi ń ṣàn bọ̀ wá bá bàtà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀, ó fà mí dìde ní apá, ó sì sọ fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì jẹ́jẹ́, láìbínú, pé lọ́dọ̀ àwọn, Ọlọ́run nìkan ni ènìyàn ń fi iwájú orí kanlẹ̀ fún. Bí mo bá fẹ́ kí àgbà, kí n lóṣòó, ó tó. Mo fẹ́ ṣàlàyé fún un pé àyà mi ló kan ilẹ̀, kì í ṣe iwájú orí mi. Gẹ̀ẹ́sì tí mo ní kò tó o.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí mo la ojú, ọmọkùnrin mẹ́fà ti tò sílẹ̀ ní ìdọ̀bálẹ̀ níwájú bẹ́ẹ̀dì mi. Wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀, Kùtọnù." Kùtọnù ni orúkọ mi láti ọjọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti sọ fún wọn pé Kétu jìnnà sí Kùtọnù. Aṣáájú wọn ni Ráṣídì. Ará Ìlọrin ni bàbá rẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Kéwú ní Kàdúná, ọpọlọ Ráṣídì nìkan ló sì gbé e wọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa dùn mí ju ti àwọn yòókù lọ.

Ó máa ń sọ pé, "Kùtọnù, Yorùbá tí o ń sọ yìí, níbo lo ti rà á? Ó ti pẹ́ lórí àtẹ, eruku ti bò ó."

Mo ní bí a ṣe ń sọ ọ́ ní Kétu nìyẹn.

"Kétu wo? Ṣé ẹ̀yin ará Kùtọnù lẹ máa wá kọ́ wa ní Yorùbá? Hàbá."

Mo ṣàkíyèsí pé nígbà tí òun fúnra rẹ̀ bá fẹsẹ̀ kọ, Hausa ló máa ń ké. Mi ò sọ ọ́ fún un. Ìdọ̀bálẹ̀ òwúrọ̀ náà ń bá a lọ títí ọyẹ́ fi dé, ó sì tún ń bá a lọ lẹ́yìn ọyẹ́. Wọn kò lù mí, wọn kò gba nǹkan mi. Kí n sọ òótọ́, ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni gbogbo wọn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa Lọ́ńdọ̀nù bí àwa ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa oko. Àárín wọn ni mo wà, bí ìjókòó tó wà nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé.

Bísímílà

Òwúrọ̀ ni kókó, ìyẹn ògì wọn, àti kósé. Kósé ni àkàrà: ẹ̀wà kan náà, epo mìíràn, orúkọ mìíràn. Òun nìkan ni mo dá mọ̀ lórí tábìlì ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo sì jẹ ẹ́ bí ẹni tó pàdé ará ilé. Ọ̀sán àti alẹ́ ni tùwó, òkèlè tí wọ́n ń rò bí àmàlà, pẹ̀lú ọbẹ̀ kúkà, tó ń yọ̀ bí ilá, tó sì ní òórùn ewé gbígbẹ. Ó gbà mí ní oṣù kan kí n tó fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ títí di òní.

Sátidé ni ọjọ́ tó nira jù. Ní ọjọ́ náà ni àwọn tí ilé wọn wà nítòsí máa ń gba oúnjẹ láti ilé. Ẹni tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ni Sáídù, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀gá ńlá ni bàbá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, àdúgbò Malali ni wọ́n ń gbé. Dírẹ́bà wọn máa ń gbé abọ́ tánńganran ńlá kan wá, Sáídù á gbé e sórí ẹní, àwọn ọmọ á yí i ká, wọn á fọwọ́, gbogbo wọn á sì jẹ nínú abọ́ kan náà. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá, Sáídù á sọ pé, "Bísímílà." Ó máa ń sọ ọ́ fún èmi náà.

Ẹ mọ bí a ṣe tọ́ wa. Bí wọ́n bá pè ọ́ sí oúnjẹ, wàá dúpẹ́, wàá ní á gba ibi ire, wàá sì dúró kí wọ́n pè ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n rọ̀ ọ́. Ọmọ tó bá sáré jókòó ní ìpè àkọ́kọ́, ilé tó ti wá ló dójú tì. Nítorí náà mo máa ń dúpẹ́, mo máa ń kọjá lọ sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo sì máa ń dúró de ìpè kejì. Wọn kò pè mí lẹ́ẹ̀kejì rí. Sátidé lẹ́yìn Sátidé, ebi á máa pa mí, màá sì máa gbọ́ òórùn adìyẹ. Mo parí èrò sí pé orí ahọ́n lásán ni ìpè náà wà.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni ẹnì kan wá ṣàlàyé fún mi pé lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá ti ní Bísímílà ti pè ọ́ tán. Bí o kò bá jókòó kí o mú òkèlè kan, ó kéré tán, o ti kọ oúnjẹ náà, o sì ti kọ ẹni tó sè é. Ìyẹn ni pé pẹ̀lú gbogbo ẹ̀kọ́ ilé mi, mo ń bú ìyá Sáídù ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ní Sátidé kan, Sáídù kò sọ Bísímílà. Ó dìde láti orí ẹní, ó wá sí ibi tí mo jókòó sí, ó di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi mú, ó fà mí wálẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki ọwọ́ mi bọ inú abọ́ náà.

Ó sọ fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì pé, "Ìyá mi ń bi mí ṣáá, ṣé ara ẹni tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò yá ni? Kí ni kí n sọ fún un?"

Ọbẹ̀ náà gbóná, ó jó mi níka. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Mo jẹun.

Nígbà tí mo bá ń rántí ọjọ́ náà, sáà kẹta ni mo máa ń fi í sí, pẹ̀lú àwọn oore yòókù tí mo fẹ́ sọ. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ọjọ́ kan pàtó tó bọ́ sí yóò ṣe pàtàkì fún mi ju ohunkóhun lọ.

Ilé kan ní Doka

Fadá ìjọ wa ti kọ̀wé sí ìjọ kan ní Kàdúná nítorí mi, ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Màmá Bísí ní àdúgbò Doka. Ará Kàbà ni òun àti ọkọ rẹ̀. Tíṣà ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó kí mi pé, "Ọkùn o," mo sì dúró tí mò ń wò ó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn nílé àwọn nìyẹn, òun náà ni wọ́n sì fi ń dáhùn.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè gbogbo, lẹ́yìn Máàsì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́ Yorùbá, àmọ́ Yorùbá máa ń gba etí wọn wọlé ni, Hausa ló máa ń gba ẹnu wọn jáde. Á ní, "Bísí, bu omi wá fún ẹ̀gbọ́n rẹ." Bísí á ní, "To, Mama," ìyẹn ó dáa, á sì fi Hausa ké láti ibi ìkòkò pé omi ti tán. Inú Màmá máa ń dùn pé èmi ń fi Yorùbá dá òun lóhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwa àti tiwọn kò dọ́gba. Òun ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Bísímílà fún mi, ó sì fi etí aṣọ nu omijé ẹ̀rín.

Mo sọ fún un nípa iṣẹ́ tí bàbá mi rán mi. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti wọlé, á bi mí pé, "Akànbí, ṣé o ti rí orúkọ náà?"

Màá ní rárá, mà.

"Ó ń bọ̀. Orúkọ kì í sáré."

Ọwọ́ rẹ̀ náà ni mò ń fi lẹ́tà mi sí. Oníṣòwò kan nínú ìjọ wọn tó ń ná ọjà Kùtọnù ló máa ń bá mi gbé e. Bàbá mi kò mọ̀wé, àbúrò mi Àdùkẹ́ ló máa ń kà á fún un.

Ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú sáà kẹta, Màmá Bísí kò bèèrè orúkọ. Ó bu oúnjẹ fún mi, ẹran méjì ló wà lórí rẹ̀, ó sì kọjú sí ògiri. Mo bi í bóyá mo ṣẹ̀ ẹ́. Ó ní oòrùn ni. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó bi mí pé ìdánwò wa ku ọ̀sẹ̀ mélòó, mo sì sọ fún un.

"Ọlọ́run á mú ọ já a," ló wí.

Mo fún un ní lẹ́tà tí mo kọ sí bàbá mi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì fi í sábẹ́ Bíbélì.

Sáà kẹta

Ní sáà yẹn, ohun gbogbo yí padà. Ní òwúrọ̀ kan tí mo la ojú, ẹnikẹ́ni kò dọ̀bálẹ̀ níwájú bẹ́ẹ̀dì mi. Ní ilé oúnjẹ, Ráṣídì dìde ní ìjókòó rẹ̀ lábẹ́ fáànù, ó ní kí n jókòó síbẹ̀, òun kò fẹ́ràn atẹ́gùn. Kápúténì ilé yọ orúkọ mi kúrò lára àwọn tó ń gé koríko. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á máa wá lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan àwọn tí a kò tíì bá ara wa sọ̀rọ̀ rí. Ẹni tó wá á jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì mi, á ní, "Sànnu, Kùtọnù," ìyẹn pẹ̀lẹ́, á wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, á sì dìde lọ.

Èmi tí mo fẹ́ràn láti mọ ìdí ohun gbogbo, mo mú ìwé, mo kọ ìdí mẹ́ta sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì mi ti dára sí i. Mo ti gba ipò kìíní nínú ìṣirò ní sáà kejì. Mo ti jáwọ́ nínú ìdọ̀bálẹ̀, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń lóṣòó. Mo gbé wọn yẹ̀wò, mo sì parí rẹ̀ sí pé ìṣirò ló wúwo jù. Mo tún ìwé náà kà láìpẹ́ yìí. Àlàyé rẹ̀ mọ́gbọ́n dání. Kìkì pé ohun tó ṣẹlẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Sáídù nìkan ni kò ṣe bí àwọn yòókù. Á la ẹnu, á tún pa á dé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó bi mí pé, "Kùtọnù, nílé yín, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan, ṣé ẹ máa ń sọ fún un?"

Mo ní ó sinmi lórí irú nǹkan náà.

"Àwa máa ń sọ. Lọ́jọ́ náà gan-an." Ó sì kọjú sí ògiri.

Mo rò pé ẹnì kan ló jí nǹkan rẹ̀. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, mo kọ̀wé sí bàbá mi pé kí wọ́n má ṣe àníyàn mọ́, pé mo ti rí ju ẹnì kan lọ, pé ilé-ẹ̀kọ́ tó le bẹ́ẹ̀ ti gbà mí. Mo fún Màmá Bísí. Ó fi í sábẹ́ Bíbélì.

Ohùn lẹ́yìn aṣọ ìkélé

Nígbà tí a ṣe ìdánwò tán, Sáídù mú mi lọ sí Malali kí n lọ dágbére fún ìyá rẹ̀. Ìyá náà ló bèèrè fún mi. Ògiri ilé wọn ga ju orí mi lọ, máígádì sì kí mi bí àgbà. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, ìyá ilé kò jáde. Ó jókòó lẹ́yìn aṣọ ìkélé tó wà lẹ́nu ọ̀nà, èmi lóṣòó lórí ẹní níta. Wọ́n gbé oúnjẹ wá sí iwájú mi, ó ní Bísímílà, mo sì kiwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ti kọ́gbọ́n.

Ó bèèrè ìdánwò, ó bèèrè ìyá mi. Lẹ́yìn náà ó gbàdúrà, ó ní, "Allah ya jiƙan mahaifinka."

Hausa mi ti tó láti gbọ́ ọ. Kí Ọlọ́run kẹ́ bàbá rẹ. Òkú nìkan ni wọ́n ń ṣe àdúrà yẹn fún. Mo dúró kí ó tún un sọ lọ́nà mìíràn. Kò tún un sọ. Ohùn náà ń bá a lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó fún wa ní sùúrù, ó ń tọrọ àforíjì pé òun kò tètè kí mi, pé wọ́n ní kí àwọn dúró kí ìdánwò parí.

Mo wo Sáídù. Ó ń fa fọ́nrán ẹní yọ.

Ó ní, "Wàláì, mo rò pé wọ́n ti sọ fún ọ ní Sọ́ńdè. Gbogbo wa la mọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà."

Òkèlè wà lọ́wọ́ mi. Mi ò lè dá a padà sínú abọ́, nítorí mo ti mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Mo jẹ ẹ́.

Ní Doka, Màmá Bísí rí ojú mi láti ẹnu ọ̀nà, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní lẹ́tà àbúrò bàbá mi ti dé ọwọ́ òun ní ọ̀sẹ̀ tí sáà kẹta bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbá mi ti sùn, wọ́n ti sin ín, kí ẹnikẹ́ni má sì tú u fún mi títí màá fi ṣe ìdánwò tí màá sì délé. Ẹ mọ̀ pé bí a ṣe ń ṣe nìyẹn. Òun lọ bá Málàm Gàmbo kí ó lè máa fi ojú sí mi lára. Málàm sọ fún kápúténì, ó sì kìlọ̀ fún ilé. Màmá Bísí dìde, ó mú lẹ́tà mi mẹ́rin jáde lábẹ́ Bíbélì.

"Mi ò lè fi wọ́n ránṣẹ́ sí ẹni tí kò sí," ló wí. "Mi ò sì lè dáná sun wọ́n. Akànbí, ṣé o bínú sí mi?"

Mo ní, "Mi ò tíì mọ̀, mà." Òótọ́ ni mo sọ fún un.

Ìpadàbọ̀

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ kúrò, Ráṣídì dọ̀bálẹ̀ níwájú bẹ́ẹ̀dì mi. Òun nìkan ni, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ kú ara fẹ́ra kù." Lẹ́yìn tó dìde, ó sọ fún mi pé òun kò mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀, bàbá òun ni òun bi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń rò ó. Ìjókòó abẹ́ fáànù, koríko tí mi ò gé, àwọn tó ń wá jókòó ní ìrọ̀lẹ́: bí àwọn ènìyàn wọn ṣe ń bá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn nìyẹn. Wọ́n á jókòó, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á lọ. Wọ́n ń bá mi ṣọ̀fọ̀, mo ń kà á sí ọ̀rẹ́. Mo gbìyànjú láti jẹ́ olóòótọ́ sí wọn. Kí odidi ilé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin pa àṣírí mọ́ fún odidi sáà nítorí àlejò, nítorí àṣà tí kì í ṣe tiwọn, tí wọ́n sì gbà pé kò dára, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Àmọ́ àánú ni, kì í ṣe ohun tí bàbá mi rán mi. Ó wá ku ọ̀rọ̀ abọ́ tánńganran. Bí Sáídù bá fa ọwọ́ mi lẹ́yìn tí lẹ́tà ikú dé, a jẹ́ pé ọ̀fọ̀ ni òun náà. Mo wá ọjọ́ náà kiri nínú orí mi, sáà kẹta ni mo sì ń bá a nígbà gbogbo.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe kí mi nígbà tí mo dé, bí ẹni pé òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni bàbá mi kú. Nígbà tí ẹ lọ tán, Àdùkẹ́ gbé agolo tí bàbá wa máa ń kó oògùn lílẹ rọ́bà sí jáde. Àwọn lẹ́tà mi tó dé ọwọ́ wọn wà nínú rẹ̀. Mo yọ èyí tó kẹ́yìn. Mo ti kọ ọjọ́ sí orí rẹ̀ bí olùkọ́ ṣe kọ́ wa. Sọ́ńdè kan ni, nínú oṣù kejì ọdún, nígbà tí ọyẹ́ ń kásẹ̀. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Lánàá, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sáídù fà mí lọ́wọ́ bọ inú abọ́ oúnjẹ ìyá rẹ̀."

Mo wo ọjọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Oṣù kẹta ni bàbá mi kú.

Mo bi Àdùkẹ́ bóyá bàbá wa gbọ́ lẹ́tà náà. Ohun tó sọ fún mi nìyí, èmi kò sí níbẹ̀. Ó ní orí ẹní ni bàbá wa wà nígbà tí lẹ́tà náà dé, kò lè jókòó mọ́. Bàbá ní kí òun tún ibẹ̀ kà. Ó gbìyànjú láti pe orúkọ náà, kò gún régé lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bèèrè pé, "Ọmọ ta ni?" Àdùkẹ́ yí ìwé náà síwá sẹ́yìn, mi ò kọ ọ́ síbẹ̀. Ó sọ fún un pé òun kò mọ̀. Bàbá wa ní kò burú, kí wọ́n bi mí nígbà tí mo bá dé.

Ẹ kò bi mí, nítorí ẹ kò mọ̀. Àdùkẹ́ náà kò bi mí, ó kàn sọ bó ṣe rí. Bàbá mi ló bi mí, màá sì dá a lóhùn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, láìfi kún un. Obìnrin kan ní Malali ló bí i, ẹni tí mi ò rí ojú rẹ̀ rí, tó bèèrè mi kí ó tó mọ orúkọ mi.